Fẹlá Tí A Kò Mọ̀

Nígbà tí mo sọ ní họ́sítẹ̀lì pé Fẹlá ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ariwo ta. Ẹnì kan pariwo, "Abàmì Ẹ̀dá!" Òmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo ní ẹ rọra, kì í ṣe Aníkúlápó, Fẹlá Ṣówándé ni. Kẹ́kẹ́ pa. "Ta nìyẹn?"

Èmi náà ò kúkú mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ èmi àti bàbá mi ló jẹ́ kí n wá a kàn. Ẹ̀ńjínnìà afárá àti títì ni mò ń kọ́ ní LAUTECH níbí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi, dùùrù ni mo máa ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá mi sì ti sọ ọ́ gbangba pé òun ò rán ọmọ lọ sí yunifásítì kó lọ di onílù. Ọjọ́ tí mo kà á pé iṣẹ́ ẹ̀ńjínnìà yìí gan-an ni Ṣówándé tìtorí ẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ṣe ni mo fò sókè.

Ọdún 1905 ni wọ́n bí i. Àwọn ìwé kan ní Ọ̀yọ́ ni, àwọn kan ní Abẹ́òkúta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jà á lọ. Èyí tó dájú ni pé bàbá rẹ̀, Emmanuel Ṣówándé, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, ṣe olùkọ́ ní St. Andrew's, Ọ̀yọ́, ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí àwọn CMS gbé kúrò ní Èkó wá síbẹ̀ ní 1896. Ilẹ̀ yẹn ni Ajayi Crowther University wà lónìí. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ wò ó ní Sátidé kan. Mo rò ó nínú ara mi pé ọmọ tó bá gbé Ọ̀yọ́, bí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì bá dákẹ́, dùndún ò ní í dákẹ́. Etí rẹ̀ á gbọ́ méjèèjì.

Bàbá yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń ṣe orin Yorùbá tuntun fún ṣọ́ọ̀ṣì. (Bàbá àgbà Aníkúlápó, J.J. Ransome-Kuti, wà níbẹ̀ náà. Ó ká orin sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922.) Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin mọ ohun tó ń bí wọn nínú. Òyìnbó túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ sí Yorùbá, ó wá kọ ọ́ lóhùn òyìnbó. Ọ̀rọ̀ tiwa sì rèé, ohùn ló fi ń rìn. Bí orin bá gòkè níbi tó yẹ kó sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ á di ọkọ́, ẹni tó ní òun ń lọ Èkó á bá ara ẹ̀ lóko. T.K.E. Phillips, tó tẹ dùùrù Cathedral Church of Christ, Èkó, láti 1914 dé 1962, kọ ìwé lé ọ̀ràn orin wa lórí ní 1953. Phillips yìí náà ló kọ́ Ṣówándé ní dùùrù nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ akọrin.

Ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1934. Jáàsì ló já ìwé ẹ̀ńjínnìà gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó tẹ pianó fún Adelaide Hall, ó bá Fats Waller ṣeré. Lẹ́yìn náà ló tún padà sídìí ìwé, ṣùgbọ́n ìwé orin ni. Ní 1943 ó yege ìdánwò tó ga jù lọ ní Royal College of Organists. Láti 1945 dé 1952, òun ló ń tẹ dùùrù ní Kingsway Hall fún West London Mission.

Nínú ogun Hitler ló kọ African Suite, ní 1944, fún àwọn gòjé òyìnbó. Apá kan nínú ẹ̀ ń jẹ́ Akinla. Rédíò Kánádà sọ ọ́ di orin ìṣíde ètò Gilmour's Albums, tó wà lórí afẹ́fẹ́ láti 1956 dé 1997. Ẹ gbọ́ ná! Ó lé ní ogójì ọdún tí àwọn ará Kánádà fi ń gbọ́ Akinla, àwa tí a wà nítòsí Ọ̀yọ́ níbí ń béèrè pé ta nìyẹn.

Nígbà tó padà wálé, ó di ọ̀gá ẹ̀ka orin ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba l'Ékòó. Ọmọ àlùfáà ni o, àmọ́ ó gbé ohùn àwọn babaláwo sórí rédíò. Ó kọ Folk Symphony fún òmìnira 1960. Lẹ́yìn Yunifásítì Ìbàdàn ló lọ Amẹ́ríkà ní 1968: Howard, Pittsburgh, Kent State. Ibẹ̀ náà ló kú sí ní March 1987, ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n sì sin ín sí.

Mo rí fótókọ́pì orin dùùrù rẹ̀ kan gbà, Oyigiyigi, tó fi ohùn orin Yorùbá ṣe. Ó le! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jà pẹ̀lú ojú ìwé àkọ́kọ́. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù wa kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, màmá àgbà kan tó ń gbá ilẹ̀ dúró, ó bá mi kùn ún lọ títí ó fi tán. Mi ò tíì sọ orúkọ orin náà fún wọn.

Mo fóònù bàbá mi lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ro ìtàn Ṣówándé fún wọn láti orí dé ìdí. Wọ́n gbọ́ ọ, wọn ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Afárá mélòó ló kọ́?"