Ewu Omi ní Agbègbè Ogbunike

Ihò àpáta ni ó sọ Ogbunike, nítòsí Onitsha, di ìlú olókìkí; omi inú rẹ̀ ń ṣàn lọ bá odò Nkisa. Ọ̀nà méjì ni omi ń gbà ba ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Anambra jẹ́: omíyalé láti odò Ọya ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, àti ọ̀gbàrá tí ó ń gbẹ́ kòtò ńláńlá sí ilẹ̀ oníyanrìn, bí ti Agulu àti Nanka.

Omíyalé ni ìjọba ń tètè kà, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń ya dé. Lọ́dún 2012, ènìyàn 363 ni ó bá a lọ jákèjádò Nàìjíríà, àwọn tí ó sá kúrò nílé sì lé ní mílíọ̀nù méjì. Ogbaru wà lára àwọn tí ó jìyà rẹ̀. Ti ọ̀gbàrá kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé kan lọ lónìí, oko kan tẹ̀ lé e lẹ́yìn òjò ọdún mìíràn. Kò sí ọjọ́ kan pàtó tí a lè pè ní ọjọ́ àjálù. Ìrànwọ́ ni àjọ ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1976 wà fún, lẹ́yìn ọ̀dá 1972 sí 1973. NEMA, tí a dá sílẹ̀ lọ́dún 1999, ni òfin fún ní iṣẹ́ ìmúrasílẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà létí kòtò ni ó mọ ibi tí etí náà wà lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn.