Ilé Bẹ́rìn Tó Ti Jẹ: Ìtàn Àtúnṣe Kéèsì Ẹ́ńjìnnì Alùpùpù Orí Erùpẹ̀

Bẹ́rìn kì í jẹ kéèsì níbi tó bá ti há. Níbi tó bá ti ráyè yí ló ti ń jẹ ẹ́. Nínú ẹ́ńjìnnì alùpùpù tí wọ́n fi ń sáré lórí erùpẹ̀, bẹ́rìn méjì ló di kíráńkì mú lọ́tùn-ún àti lósì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jókòó sínú ihò roboto tí wọ́n gbẹ́ sára kéèsì. Ihò yẹn ni ilé bẹ́rìn. Ó gbọ́dọ̀ kéré díẹ̀ sí bẹ́rìn tó máa wọ inú rẹ̀. Fún bẹ́rìn tó fẹ̀ ní mílímítà 62, ohun tó fi ń kéré sí i lè jẹ́ mílímítà 0.03 sí 0.05 péré, ìyẹn kò sì tó irun orí kan. Nígbà tí ihò náà bá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, iṣẹ́ dé nìyẹn. Àwọn eléré motocross, ìyẹn eré alùpùpù orí erùpẹ̀, kọ́ ló hùmọ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọgbọ́n tí wọ́n fi ń tún un ṣe. Wọ́n yá a ni: lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe bàálù, lọ́wọ́ onímọ̀ kẹ́míkà, àti lọ́wọ́ tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin.

Bẹ́rìn fúnra rẹ̀ ti wà tipẹ́ kí alùpùpù tó dé. Ní 1794, Philip Vaughan ará Carmarthen ní Wales gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí bẹ́rìn ọlọ́mọ roboto fún ọ̀pá kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ní 1869, Jules Suriray, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Paris, gba tirẹ̀. Lọ́dún kan náà, kẹ̀kẹ́ tó ní bẹ́rìn ni James Moore fi gbégbá orókè nínú eré ìje láti Paris dé Rouen. Nígbà tí Friedrich Fischer wá kan ẹ̀rọ tó ń lọ àwọn ọmọ irin náà kí wọ́n rí roboto dọ́gbadọ́gba, ní Schweinfurt ní Jámánì ní 1883, bẹ́rìn di ọjà tí gbogbo ayé lè rà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Charles Hall ní Amẹ́ríkà àti Paul Héroult ní Faransé rí ọ̀nà láti fi iná mànàmáná yọ alumíníọ́mù jáde, kálukú lọ́tọ̀. Bí alumíníọ́mù ṣe di olówó pọ́ọ́kú nìyẹn, tó sì di ohun tí wọ́n fi ń ṣe kéèsì ẹ́ńjìnnì. Láti ìgbà náà ni irin líle bẹ́rìn ti ń gbé inú irin rírọ̀.

Ooru ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Tí ooru bá fi ìwọ̀n Celsius kan gòkè, alumíníọ́mù á fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 23 nínú mílíọ̀nù kan, irin bẹ́rìn á sì fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 12. Ká ní àwọn méjèèjì gbóná láti 20°C dé 100°C, ihò mílímítà 62 á fi bíi mílímítà 0.05 fẹ̀ ju bẹ́rìn inú rẹ̀ lọ. Gbogbo híhá tó ní láàárọ̀ ti pòórá. Ìkejì ni bí ẹrù ṣe ń yí po. Irin wíwúwo tó wà lára kíráńkì ń fa bẹ́rìn síta, ibi tó ń fà á sí sì ń yí bí kíráńkì ṣe ń yí. Tí àyè bá wà, ara òde bẹ́rìn á máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ihò, láìdúró. Ìyẹ̀fun alumíníọ́mù tó ń bó kúrò á para pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, ọ́ìlì á rí bí eérú, òun náà á sì máa lọ ohun tó kù.

Àwọn oníṣẹ́ kì í sábà ka ohun tó ń tẹ̀ lé èyí sí nínú ẹ́ńjìnnì onípele-méjì, èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀. Bí kíráńkì bá ń mì, ọ́ìlì síìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní lè dí mọ́. Afẹ́fẹ́ tí a kò pè á wọlé, epo á dín kù sí afẹ́fẹ́, písítìnì á sì gbóná títí á fi lẹ̀ mọ́ sìlíńdà. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ písítìnì lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìgbà díẹ̀, kéèsì ló yẹ kó yẹ̀ wò.

Eré motocross ti bẹ̀rẹ̀ ní Camberley, ní Surrey ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1924. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ilé bẹ́rìn kò di ti gbogbo èèyàn àfi lẹ́yìn tí àwọn alùpùpù fúyẹ́fúyẹ́ gbòde. Ní 1966, Edison Dye mú eléré Torsten Hallman àti alùpùpù Husqvarna rẹ̀ wá sí Amẹ́ríkà. Yamaha gbé DT-1 jáde ní 1968. Joel Robert gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti kíláàsì 250 fún Suzuki ní 1970. Honda sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú CR250M Elsinore ní 1973. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù wá lè ra alùpùpù ìdíje, kó máa tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sínú gáréèjì ilé. Lójú tèmi, òòlù tí wọ́n fi lu bẹ́rìn jáde nínú kéèsì tútù ba ilé bẹ́rìn jẹ́ ju eré ìje lọ.

Púnṣì ni àtúnṣe tó rọrùn jù, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé òun ló dá a sílẹ̀. Wọ́n á fi í gún inú ihò káàkiri kí alumíníọ́mù lè yọrí díẹ̀díẹ̀, bẹ́rìn á sì há mọ́ orí àwọn góńgó kéékèèké náà. Góńgó wọ̀nyẹn á tẹ́ láìpẹ́. Àwọn mìíràn ń gé agolo ohun mímu sí tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á sì fi í há bẹ́rìn. Ó lè gbé ẹni parí eré ọjọ́ kan.

Ọgbọ́n kẹ́míkà lágbára ju ìyẹn lọ. Ní 1953, Vernon Krieble, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́míkà ní Trinity College ní Hartford, Connecticut, tún ọ̀rọ̀ omi kan gbé yẹ̀ wò tí ilé iṣẹ́ General Electric ti ṣe tẹ́lẹ̀. Omi náà máa ń le nígbà tó bá bọ́ sáàárín irin méjì níbi tí ọ́síjìn kò lè dé, àmọ́ tí wọn kò bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, inú ìgò ló ń le sí. Krieble rí i ṣe tó fi ń dúró ní omi nínú ìgò ike tí afẹ́fẹ́ ń gba ara rẹ̀ wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í rọ ọ́ kún ìgò títí dòní. Ní 1956, omi náà gba orúkọ Loctite. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni wọ́n kọ́kọ́ fi dè, kí wọ́n tó ṣe èyí tó nípọn fún bẹ́rìn. Oríṣi kan tí wọ́n pè ní 660 lè dí àlàfo tó tó mílímítà 0.5. Àbùkù rẹ̀ ni pé agbára rẹ̀ ń dín kù bí ooru ṣe ń pọ̀, kì í sì í fi bẹ́rìn sí àárín gbùngbùn. Bí ihò bá ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bẹ́rìn á gan síbi tó bá wọ́ sí.

Àwọn kan ń jó alumíníọ́mù kún ihò náà. Ọ̀nà yẹn ti ọ̀dọ̀ àwọn oníbàálù wá: ní 1941, Russell Meredith ní Northrop Aircraft fi iná mànàmáná àti afẹ́fẹ́ helium jó magnẹ́síọ́mù. Ìṣòro alumíníọ́mù ni awọ orí rẹ̀, tí kì í yọ́ títí ooru á fi kọjá 2,000°C, nígbà tí alumíníọ́mù gan-an ń yọ́ ní 660°C. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè dá ohun tó ti jẹ padà, ṣùgbọ́n ooru ń tẹ kéèsì, ó sì ń jẹ́ kó túbọ̀ rọ̀. Èmi á fi jíjó sílẹ̀ fún kéèsì tí ṣéènì tó já ti fọ́.

Búṣì ni àtúnṣe tó ń tọ́jọ́. Tọ́nà kò gbọ́dọ̀ wá àárín láti inú ihò tó ti jẹ. Etí ihò tí bẹ́rìn kò kàn rí, tàbí ihò kéèsì kejì tó ṣì dára, ni yóò fi géèjì onítọ́ka wọ̀n. Orí ìlà kan náà ni ihò méjèèjì gbọ́dọ̀ wà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta kéèsì ní méjì-méjì. Ó á gbẹ́ ihò náà fẹ̀, ó á ki òrùka tuntun, ìyẹn búṣì, bọ̀ ọ́, kó tó gbẹ́ inú òrùka náà dé ìwọ̀n. Bí búṣì bá jẹ́ alumíníọ́mù líle, òun àti kéèsì á jọ máa fẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irin, bẹ́rìn kò ní tètè jẹ ẹ́, àmọ́ ooru tó tú bẹ́rìn lè tú búṣì pẹ̀lú, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ há ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tilẹ̀ ń da òrùka irin pọ̀ mọ́ kéèsì láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbi tí ara kéèsì bá fẹ́lẹ́, tàbí tí ọ̀nà ọ́ìlì bá gba ẹ̀gbẹ́ ihò kọjá, kò sí àyè búṣì. Kéèsì mìíràn ni wọ́n á rà.

Lẹ́yìn náà, kéèsì á wọ inú ófùn títí á fi gbóná dé nǹkan bí 100°C, bẹ́rìn á sì ti wà nínú fírísà. Bí tọ́nà bá ti gbẹ́ ihò dé ìwọ̀n, bẹ́rìn á bọ́ sílé fúnra rẹ̀ tó bá ti kàn án. Tí ó bá ń béèrè òòlù, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n tún ihò náà wọ̀n.