Ìtàn "Copy": Ọ̀rọ̀ Kan Láàárín Ilẹ̀ àti Ìwé Títẹ̀

Inú èdè Látìn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú ọ̀rọ̀ náà "copy", èyí tí àwa náà ti sọ di kọ́pì. Copia ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ohun tó sì túmọ̀ sí ni ọ̀pọ̀. Bí akọ̀wé bá da ìwé kan kọ, ìwé náà ti di púpọ̀ nìyẹn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ yìí wọ oko, ó sì tún wọ ilé ìtẹ̀wé. Nínú oko, ó gba tálákà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówó. Nínú ilé ìtẹ̀wé, ó pẹ́ gan-an kí ó tó ṣe òǹkọ̀wé lóore.

Ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kò dá dúró lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń ro. Ilẹ̀ olúwa kan, ìyẹn onílẹ̀ ńlá, ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń bá a ṣiṣẹ́ oko, wọn kò sì lè pè é lẹ́jọ́ ní kóòtù ọba nítorí ilẹ̀ náà. Kóòtù olúwa yìí fúnra rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti lè rojọ́. Níbẹ̀, alábòójútó ilẹ̀ máa ń kọ ohun gbogbo sórí awọ ẹran tí wọ́n ń ká jọ: ẹni tó kú, ẹni tó jogún, ẹni tó san owó ìwọlé. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ibi tó kan àgbẹ̀ kọ sórí awọ kékeré, wọ́n sì ń fi lé e lọ́wọ́. Ẹ̀dà yìí ni copy, irú ọ̀nà tí a fi ń ní ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní copyhold.

Ẹni tó ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè dá a tà fúnra rẹ̀. Yóò wá sí kóòtù, yóò fi ọ̀pá kan lé alábòójútó lọ́wọ́ láti fi hàn pé òun ti dá ilẹ̀ padà, alábòójútó á wá na ọ̀pá náà sí ẹni tó rà á. Olùrà á san owó ìwọlé. Bí àgbẹ̀ bá kú, ní ọ̀pọ̀ ibi, olúwa lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ẹran ọ̀sìn tó dára jù nínú ohun tí olóògbé fi sílẹ̀. Àṣà ibì kan kì í ṣe ti òmíràn. Àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé àbíkẹ́yìn ọkùnrin ló ń jogún ilẹ̀, kì í ṣe àkọ́bí. Ẹni tó bá mọ bí àwọn baba wa ṣe ń gba ìṣákọ́lẹ̀ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà jọra, àfi pé ẹ̀rí àwọn àgbà ni tiwa dúró lé, ìwé sì ni tiwọn.

Ìwé kékeré yìí lágbára ju bí àwọn olúwa ṣe rò lọ. Nígbà tí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ń parí lọ, kóòtù Chancery ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó ní ẹ̀dà lọ́wọ́. Kí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún tó parí, àwọn kóòtù ọba yòókù náà ti ń dáàbò bò wọ́n. Ẹni tí baba rẹ̀ kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níwájú olúwa ti wá lè fi awọ kan gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Lójú tèmi, ogun díẹ̀ ló ṣe àgbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láǹfààní tó èyí.

Ní ti ilé ìtẹ̀wé, ní 1557, Ọbabìnrin Mary fún ẹgbẹ́ àwọn òǹtẹ̀wé Lọ́ńdọ̀nù, Stationers' Company, ní ìwé àṣẹ. Láàárín wọn, copy ni ìwé àfọwọ́kọ tí wọ́n ń gbé síwájú ẹni tó ń to lẹ́tà, ó sì tún di orúkọ ẹ̀tọ́ láti tẹ ìwé náà. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ti kọ orúkọ ìwé kan sínú ìwé ńlá ẹgbẹ́ ló ni copy rẹ̀: ó lè tà á, ó lè fi jogún fún ọmọ, bí ẹni fi ilẹ̀ jogún. Òǹkọ̀wé kò sí nínú ètò yìí. Ní 1667, pọ́n-ùn 5 ni John Milton kọ́kọ́ gbà lórí ìwé ewì rẹ̀, Paradise Lost, pẹ̀lú ìlérí pọ́n-ùn 5 mìíràn bí wọ́n bá ta ẹ̀dà 1,300. Ní 1680, pọ́n-ùn 8 péré ni opó rẹ̀ gbà láti fi ohun tó kù sílẹ̀ pátápátá. Ìdílé òǹtàwé Tonson tó wá ra ẹ̀tọ́ náà lẹ́yìn náà sì jèrè rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí dùn mí púpọ̀.

Òfin 1710 ló kọ́kọ́ ka òǹkọ̀wé sí: ọdún 14 fún ìwé tuntun, àti 14 mìíràn bí òǹkọ̀wé bá ṣì wà láàyè. Àwọn òǹtàwé Lọ́ńdọ̀nù kò gbà. Wọ́n ní ohun ìní ni copy, bí ilẹ̀, kò sì yẹ kí ó ní òpin. William Blackstone, amòfin tó ṣàlàyé copyhold nínú ìwé tó gbé jáde ní 1766, wà lẹ́yìn wọn. Nínú ìwé kan náà ló ti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé. Àmọ́ Alexander Donaldson, òǹtàwé ará Edinburgh, ń tẹ ìwé ewì The Seasons ti James Thomson ní owó pọ́ọ́kú, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé ìgbìmọ̀ àwọn Lords. Ní 1774, wọ́n dá Donaldson láre: copy ìwé ní òpin.

Copyhold ní tirẹ̀ parí ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, 1926, nípasẹ̀ òfin tí wọ́n ṣe ní 1922. Copy ti ìwé kò parí. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1911 gbé e dé Nàìjíríà, a ṣe tiwa ní 1970, èyí tí a ń lò báyìí sì ni ti 2022: gbogbo ọjọ́ ayé òǹkọ̀wé, àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Òfin yìí sọ pé àfi kí àdéhùn wà ní kíkọ kí òǹkọ̀wé tó lè gbé ẹ̀tọ́ yìí fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń kọ̀wé ní Yorùbá, bí ilé ìtẹ̀wé bá gbé ìwé àdéhùn wá, ẹ wo ohun tí ẹ ń gbé fún wọn àti iye ọdún tó jẹ́, kí ẹ tó fọwọ́ sí i.