Abu Bakr, Ẹni Tí Wọ́n Ń Pè Ní Pascoe

Àwọn àgbà ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ọkùnrin kan wà tí ó la ilẹ̀ Yewa yìí kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n orúkọ tí ìwé ìtàn fi ń pè é kì í ṣe èyí tí a sọ ọ́ nílé.

Abu Bakr ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Háúsá ni. Wọ́n mú un lẹ́rú, wọ́n sì tà á sí òkè òkun. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà á sílẹ̀ lójú agbami, ó sì di ẹni tí ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni ó ti di Pascoe. Ní 1823, ó ṣe ògbufọ̀ fún Belzoni, ará Ítálì, tí ó kú sí ilẹ̀ Bìní.

Ní Dìsẹ́ńbà 1825, Hugh Clapperton gbéra láti Àgbádárìgì lọ sí Sókótó, Abu Bakr sì wà nínú àwọn tí ó bá a lọ. Wọ́n gba Ìjànnà, níbi tí Onísàrẹ́ ti ń bójú tó ilẹ̀ yìí fún Aláàfin Ọ̀yọ́. Kí oṣù náà tó parí, àìsàn ti pa Pearce àti Morrison, ẹlẹgbẹ́ Clapperton. Abu Bakr kì í ṣe aláìlábùkù: ó sá fún ọ̀gá rẹ̀ lójú ọ̀nà rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Clapperton kú nítòsí Sókótó ní April 1827, òun ni ó bá Richard Lander rìn padà dé Àgbádárìgì.

Ní 1830, Lander àti àbúrò rẹ̀ John tún dé, wọ́n sì tún wá a kàn. Ọ̀nà wa yìí ni wọ́n tún gbà. Láti Bussa, wọ́n wa ọkọ̀ ojú omi lórí Odò Ọya títí tí wọ́n fi já sí òkun ní November ọdún náà. Ní 1832, ẹgbẹ́ onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ní Lọ́ńdọ̀nù fún Richard Lander ní ẹ̀bùn àkọ́kọ́ wọn.

Lander nìkan ni olùkọ́ mi dárúkọ nígbà tí mo wà ní kékeré. Èmi náà, tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ èdè, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ mi bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí n ti mọ̀: ìwé tí àlejò bá kọ nípa ilẹ̀ tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, ẹnu ògbufọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti wá.

Abu Bakr ni mo ń pè é báyìí.