Alábahun Nínú Káàdì: Ìrántí Pokémon ní Peckham

Ìtàn káàdì ni mo gbé wá, kì í sì í ṣe Whot tí gbogbo wa mọ̀. Káàdì Pokémon ni, èyí tí ó gba àgbàlá ilé-ìwé kan ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín 1999 sí 2000, nígbà tí èmi àti àbúrò mi ń gbé ní Peckham lọ́dọ̀ àwọn òbí wa.

Satoshi Tajiri, ọmọ Japan tí ó fẹ́ràn láti máa ṣa kòkòrò nígbà èwe rẹ̀, ni ó dá ayé Pokémon sílẹ̀. Eré orí ẹ̀rọ Game Boy ni ó kọ́kọ́ jẹ́, ní oṣù kejì 1996; káàdì tẹ̀lé e ní oṣù kẹwàá ọdún náà. (Nintendo tí ó ṣe Game Boy, káàdì eré ni òun fúnra rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kyoto ní 1889.) Wizards of the Coast, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ó gbé Magic: The Gathering jáde ní 1993, ni ó tẹ̀ ẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kìíní 1999. Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ káàdì 102. Káàdì 11 ni ó wà nínú ọ̀rá kan, kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí òun rà àfi bí ó bá já a. Bàbá mi ní tẹ́tẹ́ pọ́ńbélé ni. Kì í ṣe òun nìkan: ní 1999 kan náà, àwọn òbí kan ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀sùn tẹ́tẹ́ yìí dé ilé-ẹjọ́.

Ìyá mi ní tirẹ̀ kò bá wa jà, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ ni pé a kò gbọdọ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé. Nítorí náà, a ní láti wá orúkọ fún wọn. Squirtle di Alábahun. Nígbà tí ó bá di Blastoise, Alábahun Oníbọn-omi. Bulbasaur di Ọ̀pọ̀lọ́ Agbẹrù, Pikachu di Eku Mànàmáná, Charmander di Onírù-iná. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí bí Onírù-iná ṣe ń di Charizard. Àbúrò mi ní ó paradà ni. Ìyá mi kọ̀. Ó ní àǹjọ̀nú ni ó ń paradà, àti àgbọ̀nrín tí ó bọ́ awọ sílẹ̀ tí ó di obìnrin lọ sọ́jà. Ohun tí kò lè padà sí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ńṣe ni ó dàgbà. (Káàdì kan wà tí ó lè dá a padà o, ṣùgbọ́n a kò sọ fún un.)

Charizard yìí, tí Mitsuhiro Arita ya àwòrán rẹ̀, ni gbogbo ọmọ ń wá. Ọmọkùnrin kan tí ó jù wá lọ fi káàdì mẹ́wàá tí kò níláárí gba ti àbúrò mi, ọmọ ọdún méje, ó ní mẹ́wàá kúkú pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. A kò rí i gbà padà. Irú èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé fòfin de káàdì náà, mo sì gbà pé ó tọ́, bí ó tilẹ̀ dùn wá.

Ṣùgbọ́n nínú eré gan-an, Charizard kò tó ariwo rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ Charmander, kí ó di Charmeleon, kí a sì máa so agbára iná mọ́ ọn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi pé 4. Bí ó bá tu iná lẹ́ẹ̀kan, agbára 2 ti dànù. Hitmonchan ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ kò ní irú ìdádúró bẹ́ẹ̀. Agbára ẹyọ kan péré ni ó fi ń ju ẹ̀ṣẹ́ 20. Òótọ́ ni pé ẹ̀ṣẹ́ náà kò ran Charizard, nítorí 30 ni a ń yọ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀mí Charmander, ẹ̀wẹ̀, kò ju 50 lọ, ẹ̀ṣẹ́ mẹ́ta sì ti parí rẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ní ọjọ́ Sátidé kan, àbúrò mi pe ọmọkùnrin yẹn jáde, ó sì ń pa Charmander rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yọjú. Charizard tí ó jẹ́ tiwa tẹ́lẹ̀ wà lọ́wọ́ onítọ̀hún títí eré fi parí, kò ráàyè bọ́ sílẹ̀.

Ní 2003, àṣẹ títẹ káàdì náà kúrò lọ́wọ́ Wizards. Nígbà yẹn, tiwa ti wà nínú páálí bàtà lábẹ́ ibùsùn, Alábahun Oníbọn-omi lókè pátápátá.