Bí Súmò Bá Daṣẹ́ Sílẹ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Onílé Mọ̀ Nípa Owó Pípààrọ̀ Rẹ̀

Àwọn àgbà ní omi ò lọ́tàá. Àmọ́ lọ́jọ́ tí súmò inú bóhòlù bá daṣẹ́ sílẹ̀, ilé a dà rú. Àwọn ọmọ á máa gbé kẹ́ẹ̀gì kiri àdúgbò, àwọn ayálégbé á máa kùn, lándílọ́ọ̀dù náà á máa pe púlọ́mbà lórí fóònù. Níbi ìkánjú yìí gan-an lowó ti ń ṣòfò, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ra súmò tuntun nígbà tó jẹ́ pé nǹkan kékeré ló bàjẹ́.

Ṣé súmò ló bàjẹ́ lóòótọ́?

Súmò ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń rì sínú omi nísàlẹ̀ kànga láti ti omi sókè sínú táǹkì. Omi tó yí i ká náà ló ń jẹ́ kí mọ́tò rẹ̀ tutù. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, àpótí kékeré kan wà lára ògiri tí iná ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ súmò. Inú àpótí yìí ni kapásítọ̀ wà, òun ló ń ran mọ́tò lọ́wọ́ láti gbéra.

Kí ẹnikẹ́ni tó fa nǹkan jáde nínú kànga, ó yẹ kí oníṣẹ́ iná yẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí wò:

- Bí súmò bá ń kùn tí kò gbéra, tàbí tó ń já iná ní gbogbo ìgbà, kapásítọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Èyí tó bá ti wú ti kú nìyẹn. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó súmò.
- Bí kò bá mí rárá, ó lè jẹ́ iná ni kò dé ibẹ̀. Kí wọ́n wo brẹ́kà, ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀, àti àpótí náà.
- Bó bá ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí omi ń wá díẹ̀díẹ̀, páìpù lè ti bẹ́ nísàlẹ̀, fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn lè ti bàjẹ́, tàbí kí yanrìn ti jẹ àwọn abẹ̀bẹ̀ inú súmò.
- Bí omi bá dá lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, tó sì tún wá nígbà tí wọ́n sinmi fún wákàtí kan, ó lè jẹ́ kànga ló gbẹ, kó má jẹ́ pé súmò ló bàjẹ́. Ó wọ́pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá torí èyí ra súmò tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ kàn fẹ́ kí omi tètè tán ni.

Bí oníṣẹ́ iná bá fi ẹ̀rọ ìdíwọ̀n yẹ wáyà tó wá láti ìsàlẹ̀ wò, tó rí i pé mọ́tò ti jó, ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ pípààrọ̀ délẹ̀.

Ibi tí owó ń bá lọ

Owó súmò fúnra rẹ̀ ló máa ń pọ̀ jù. Òkè òkun lọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ti ń wá, ìdí nìyẹn tí owó dọ́là fi ń pinnu iye tí wọ́n ń tà á. Kó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦480 ní bánkì. Lọ́dún 2024, ó ti lé ní ₦1,500. Ọjà tí wọ́n bá rà ní 100 dọ́là, tó jẹ́ nǹkan bí ₦46,000 tẹ́lẹ̀, di ₦150,000, ká tó sọ ti owó ibodè àti èrè ọlọ́jà. Ẹni tó bá ń fi iye tó ra súmò lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn ṣírò, ó máa yà á lẹ́nu.

Èkejì ni owó iṣẹ́, ìyẹn fífà á jáde àti dídá a padà. Bí kànga bá ṣe jìn tó lowó yìí ṣe ń pọ̀ tó. Páìpù dúdú tó ń tẹ̀ rọrùn láti fà jáde lódindi. Páìpù líle tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, wọ́n á máa gé e bó ṣe ń jáde ni, èyí sì lè túmọ̀ sí páìpù tuntun.

Ẹ̀kẹta ni àwọn nǹkan kéékèèké: wáyà, okùn, fáàfù, kapásítọ̀. Bí yanrìn bá sì ti pọ̀ nísàlẹ̀, wọ́n ní láti fọ kànga náà. Owó ọ̀tọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá fọ̀ ọ́, yanrìn tó pa súmò àkọ́kọ́ máa pa èkejì náà.

Ó yẹ kí onílé béèrè iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí wọ́n bá kan dárúkọ owó kan ṣoṣo, èèyàn ò ní mọ ibi tí wọ́n gbé e gbà.

Súmò wo ló yẹ kí èèyàn rà?

HP nìkan kọ́ ni kí èèyàn wò. Ohun tó ṣe kókó ni bí súmò ṣe lè ti omi ga tó. Bí omi inú kànga bá wà ní mítà 30 sísàlẹ̀, tí táǹkì sì wà lórí òpó mítà 6, mítà 36 nìyẹn, ká tó fi ìfàsẹ́yìn inú páìpù kún un. Gíga tó pọ̀ jù tí wọ́n kọ sára súmò, ibi tí omi kò ti ní jáde mọ́ ni. Nítorí náà, èyí tí wọ́n kọ 40 sí lára lè máa tọ omi bí ọmọdé nínú ilé yìí. Kí olúwarẹ̀ ra èyí tó jù ú lọ dáadáa.

Kí wọ́n tún wo bí ẹnu kànga ṣe fẹ̀ tó. Súmò tó bá fẹ̀ ju inú páìpù kànga lọ kò lè wọ̀ ọ́.

Iná náà ṣe pàtàkì. Súmò 1 HP ń jẹ iná tó lé díẹ̀ ní kílówáàtì kan, ó sì ń fẹ́ ìlọ́po mélòó kan nígbà tó bá ń gbéra. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé e. Fún àwọn tó wà ní Band A, tí owó iná wọn ti lé ní ₦200 fún ìwọ̀n kan láti oṣù kẹrin ọdún 2024, gbogbo wákàtí kan tí súmò bá fi ṣiṣẹ́ lówó nínú. Páìpù tó ń jò nísàlẹ̀ ń jẹ owó lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i.

Àtúnṣe ńkọ́?

Wọ́n lè tún wáyà inú mọ́tò tó jó yí. Ó máa ń dín owó kù, pàápàá bí súmò náà bá jẹ́ ojúlówó tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ṣì dára. Bó bá jẹ́ gbẹ̀fẹ́ ni, owó àtúnṣe àti owó fífà jáde lẹ́ẹ̀mejì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti tuntun.

Ewu tó wà níbẹ̀

Okùn tó lágbára ló gbọ́dọ̀ di súmò mú, kì í ṣe wáyà iná. Ọ̀pọ̀ súmò ló ti já bọ́ sísàlẹ̀ kànga nítorí okùn tó ti gbó, tí kànga fúnra rẹ̀ sì bàjẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Kí wọ́n pa iná láti brẹ́kà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà.

Fún àwọn tó ní kànga gbígbẹ́ lásán, èyí ṣe kókó jù: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ tó ń lo bẹntiróòlù wọnú kànga láti fa omi. Èéfín rẹ̀ kò ní ọ̀nà àbájáde, kò sì pẹ́ tó fi ń pa èèyàn. Bí ẹnì kan bá ṣubú níbẹ̀, ẹni tó bá sáré wọlé láti gbà á là lè bá a lọ. Àwọn panápaná ni kí wọ́n pè.

Kó tó di pé owó jáde

Kí oníbàárà gba rìsíìtì tí orúkọ súmò, HP rẹ̀ àti ọjọ́ tó rà á wà lórí rẹ̀. Òfin ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó ní àbùkù padà, ohun yòówù kí ọlọ́jà kọ sára ògiri. Kí wọ́n tan súmò náà wò lójú rẹ̀ títí omi fi dé táǹkì, kó sì kọ jíjìn kànga àti ibi tí wọ́n so súmò náà dé sílẹ̀ sínú ìwé. Lọ́jọ́ tó bá tún daṣẹ́ sílẹ̀, ìwé yẹn ló máa gbà á lọ́wọ́ ìrànù.