Igi Ibòji Ojú Ọjà: Ibi Tó Ti Wá àti Èyí Tó Yẹ Ká Gbìn

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ títún ojú ọjà ṣe ní Ilua, páànù àti sìmẹ́ǹtì la máa ń dárúkọ. Ẹ jẹ́ ká sọ ti igi náà.

Àwọn baba ńlá wa kì í dá ọjà sílẹ̀ kí wọ́n má gbin igi. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé iwájú ilé ọba ni ọjà ńlá ìlú máa ń wà. Ibẹ̀ náà lẹ máa ń bá ọdán. Ẹ̀ka rẹ̀ tútù ni wọ́n ń gé, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀, á sì hù. Ewé akòko wà fún oyè jíjẹ, pèrègún wà fún ààlà. Igi kọ̀ọ̀kan ló níṣẹ́ tirẹ̀.

Nígbà tí òyìnbó dé, igi àjèjì pọ̀ sí i. Ní 1887, lásìkò Gómìnà Moloney, wọ́n dá ọgbà ìdánwò irúgbìn sílẹ̀ ní Ebute-Metta l'Ékòó. Igi olódòdó pupa tí wọ́n ń pè ní flamboyant, Madagascar ló ti ṣẹ̀ wá. Dọgoyárò, ọ̀dọ̀ àwọn ará Íńdíà ni; láti Gánà ni wọ́n ti kó irúgbìn rẹ̀ wá sí Borno ní 1928. Àwọn Hausa ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ìyẹn "ọmọkùnrin gíga".

Èwo ni ká wá gbìn? Flamboyant rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà tí oòrùn ń pa tòmátì àti ata wa gan-an. Dọgoyárò máa ń tutù yọ̀yọ̀ nínú ọ̀dá, ṣùgbọ́n irúgbìn rẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́. Tútù ni kí ẹ gbìn ín. Ọdán ní ibòji jù, àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ ń fọ́ gọ́tà àti ògiri. Ẹ gbé e jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù. Igbá tó ń fún wa nírú àti èmí tó ń fún wa lórí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé èyí tó wà nílẹ̀. Èmí lè lò tó ọdún 15 sí 20 kó tó so.

Lọ́pọ̀ ọjà, bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù, igi ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù á wọlé. Ẹni tó pàtẹ sílẹ̀ ńkọ́? Àárọ̀ kan péré ni wọ́n fi ń gé ohun tó gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dàgbà.

Àbá mi rèé: bí òjò bá ti dé, kí àwọn ẹlẹ́lùbọ́, aláta, aláṣọ àti gbogbo ìsọ̀ yòókù gba igi kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n fi ọparun ṣọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́, kí wọ́n sì máa bomi rin ín títí ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ á fi kọjá. Àwọn tó gbin èyí tí à ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ kò retí ọpẹ́ wa.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́